Ọjọ́ Mẹ́rin Lẹ́sẹ̀ Òkè Cannon

Ọjọ́bọ̀

Aago mẹ́jọ àárọ̀ la gbéra ní Boston. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ Àǹtí, wọ́n ti múra tán, wọ́n jókòó sórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì. Àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Àǹtí ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n, àwọn ọmọ mi gan-an ò mọ orúkọ mìíràn fún wọn. Ọdún 1986 ni wọ́n dé Amẹ́ríkà, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Láti Oṣù Kẹwàá ọdún tí wọ́n dé yẹn títí di 2002, kò sí ọdún kan tí wọn ò lọ sí New Hampshire láti lọ kí Bàbá Orí Òkè. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, wọ́n á fi í sínú ọkọ̀, wọ́n á ní, "O ò tíì dé Amẹ́ríkà àfi ìgbà tí o bá kí Bàbá." Láti 2003, wọn ò débẹ̀ mọ́. A bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n dédé pè mí. "Ọkọ mi, orúnkún yìí ò ní pẹ́ kọ̀ fún mi pátápátá. Gbé mi lọ kí Bàbá." Mi ò bèèrè ohun tó yí wọn lọ́kàn padà. Ọjọ́ kejì ni mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́.

Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè bá wa lọ: Bàbá Orí Òkè kì í ṣe ère tí ẹnikẹ́ni gbẹ́. Àpáta ni, ní gẹ̀gẹ́ òkè Cannon, ní ọ̀nà tóóró àárín òkè tí wọ́n ń pè ní Franconia Notch. Tí èèyàn bá dúró sí ibi tó yẹ nísàlẹ̀, ojú ọkùnrin àgbàlagbà ló máa rí lókè, ẹ̀gbẹ́ kan ojú náà: iwájú orí, imú, ètè, àgbọ̀n tó yọ síta. Pèpéle òkúta gíránáìtì márùn-ún tó léra wọn ló para pọ̀ di ojú yẹn. Láti iwájú orí dé àgbọ̀n tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40, ó sì fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,200 ga ju adágún omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Tí èèyàn bá rìn díẹ̀ kúrò níbi tó yẹ, òkúta gbuuru ló máa rí, kò ní rí ojú kankan.

Òru ọjọ́ kẹta Oṣù Karùn-ún ọdún 2003 ló wó.

Bí a ṣe wọ New Hampshire ni mo rí i pé Bàbá ò tíì kúrò lójú pópó. Àwòrán rẹ̀ wà lára nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Pátákó tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ọ̀nà ìpínlẹ̀ sí, ìrísí ojú rẹ̀ ni wọ́n fi gé e. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n: "Òun nìyẹn. Òun tún nìyẹn." Nígbà tó yá wọ́n dákẹ́, wọ́n tú ìdí gèlè kékeré kan nínú báàgì wọn, wọ́n mú owó ẹyọ kan jáde, sẹ́ǹtì 25 tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe fún New Hampshire ní ọdún 2000. Bàbá wà lára rẹ̀, àti àkọmọ̀nà ìpínlẹ̀ náà, Live Free or Die. Ọdún kan náà, 1945, ni ìpínlẹ̀ náà gba àkọmọ̀nà yẹn, tí wọ́n sì fi ojú Bàbá ṣe àmì ìdánimọ̀ wọn. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sára owó tán ni," Àǹtí wí. Wọ́n dì í padà.

Ìlú Lincoln la sùn.

Ọjọ́ Ẹtì

Mo rò pé ọ̀dọ̀ Bàbá la máa kọ́kọ́ lọ. Àǹtí ní rárá. "Èèyàn kì í ti ìta wọ yàrá àgbà láìya pálọ̀. Flume la máa ń kọ́kọ́ yà."

Flume jẹ́ ọ̀gbun tóóró tí omi là sáàárín àpáta, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 800, ògiri òkúta sì dúró lọ́tùn-ún lósì, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 70 sí 90. Wọ́n ti fi pákó ṣe ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, omi ń hó nísàlẹ̀, ewédò ń kán tótó lé wa lórí. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ìyá arúgbó ẹni ọdún 93 kan, Jess Guernsey, ló ṣàwárí ibẹ̀ lọ́dún 1808, níbi tó ti ń wá ibi tó máa pẹja sí. Àǹtí fẹ́ràn ìtàn yẹn ju gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lọ. Bí orúnkún bá ti fẹ́ dá wọn dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á ní, "Ẹni ọdún 93!" wọ́n á sì tún gbẹ́sẹ̀.

Ohun tó mú mi dúró jù níbẹ̀ ni ohun tí kò sí níbẹ̀. Nígbà kan rí, òkúta ńlá kan tó rí bí ẹyin há sáàárín ògiri méjèèjì, ó rọ̀ sókè láìfẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10, ó gùn tó 12. Torí òkúta yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń wá, wọ́n á rìn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 1883, òjò ńlá kan rọ̀, ilẹ̀ òkè ya wá sínú ọ̀gbun, ó sì gbé òkúta náà lọ. Títí di òní, wọn ò rí i. Òkúta tó tóbi tó yàrá! Ibi tí ilẹ̀ ti ya yẹn náà ni ìtàkùn omi tuntun kan ti ṣí, Avalanche Falls, ẹsẹ̀ bàtà 45, òun sì ni àwọn èèyàn ń ya fọ́tò lónìí.

Àǹtí ò mọ̀ nípa òkúta yẹn tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ti ń wá, wọn ò dúró ka pátákó. Wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n sì jókòó.

"Àwọn tó ń wá wò ó nígbà yẹn," wọ́n bi mí, "kí ni wọ́n ṣe lọ́dún kejì?"

Mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn. A rìn lọ sí ibi afárá onígi tó wà lórí odò Pemigewasset. Igi páìnì ńlá kan ló wó lulẹ̀ níbẹ̀ nínú ìjì líle Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1938. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ìtì rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ afárá, wọ́n sì fi orúkọ igi náà pe afárá. Àǹtí fi ọwọ́ pa pákó ẹ̀gbẹ́ afárá náà bí ẹni ń pa orí ọmọ.

Nígbà tí à ń padà, mo fi Indian Head hàn wọ́n, àpáta mìíràn tó rí bí ojú èèyàn, lẹ́bàá ọ̀nà ní Lincoln. Wọ́n wò ó fírí. "Ìyẹn kì í ṣe Bàbá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Kùrukùru. A wa ọkọ̀ wọ Franconia Notch láago mẹ́sàn-án, kò sí òkè kankan lójú ọ̀run, bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ funfun bò wọ́n.

Ọ̀nà tí a gbà wọlé fúnra rẹ̀ jẹ́ ara ìtàn Bàbá. Òpópónà I-93 ni, irú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ tí ọkọ̀ méjì ó kéré tán máa ń lè rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níhà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé àárín òkè yìí, á dín kù di ojú ọ̀nà kan ní àlọ, kan ní àbọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà náà kọjá, àwọn aráàlú kọ̀ jálẹ̀: bí wọ́n bá ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta nísàlẹ̀, ṣé ojú òkè kò ní mì? Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi fà á. Ọ̀nà tóóró yìí ni wọ́n fẹnu kò sí, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1988. Gbogbo ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí àríwá ló ń rọra rìn nítorí àgbàlagbà olókùúta kan. Títí di òní, wọ́n ṣì ń rọra rìn.

A gúnlẹ̀ lẹ́bàá Profile Lake, a jókòó sínú ọkọ̀, a ń dúró de kùrukùru kó ká. Kò ká. Àǹtí bu tíì sínú ife, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lọ́nà tí wọn ò gbà sọ ọ́ rí.

Irú ojú ọjọ́ báyìí náà ni, wọ́n ní. Lóòótọ́ ni. Ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Karùn-ún 2003, kùrukùru bo òkè náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, nígbà tí ojú ọ̀run là, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ìpínlẹ̀ tó wà níbẹ̀ gbójú sókè, wọn ò rí Bàbá. Kò sí ẹni tó rí i nígbà tó ń wó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn èèyàn ń wò ó lójoojúmọ́, àwọn ààrẹ orílẹ̀-èdè wá wò ó, Eisenhower wá ní 1955 nígbà tí wọ́n ń ṣe ayẹyẹ ọdún 150 tí àwọn awọnlẹ̀ kọ́kọ́ kíyè sí i ní 1805. Ọjọ́ tó máa lọ, ó lọ lóru, nínú kùrukùru.

Àǹtí pè mí lọ́jọ́ náà. Mo ṣì rántí ohùn wọn: "Ọkọ mi, Bàbá ti lọ." Àyà mi já. Bàbá tèmi ń ṣàìsàn nílé lákòókò yẹn, òun ni mo rò. Nígbà tó wá yé mi pé òkúta ni wọ́n ń sọ, ara tù mí, mo sì sọ ohun kan tí mi ò bá má sọ. Mo ní, "Àǹtí, òkúta ni, ẹ má sunkún." Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n rọra gbé fóònù sílẹ̀. Ogún ọdún ó lé ni mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri. Nínú ọkọ̀ yìí ni mo tó tọrọ àforíjì. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé. Mo mọ̀ pé wọn ò gbàgbé.

Àwọn ará New Hampshire gbé òdòdó wá sí ìsàlẹ̀ òkè lẹ́yìn ìgbà tó wó, bí ìgbà tí èèyàn wọn kú. Wọn kò ṣàṣejù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ tó. Lẹ́yìn tí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà níbí jóná ní 1923, tí ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn pé àwọn agégi máa ra ilẹ̀ náà, ìpínlẹ̀ san ìdajì owó rẹ̀, wọ́n dá owó jọ kún un, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ń ta igi kọ̀ọ̀kan ní dọ́là kan fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí igi náà má wó. Ní 1928, wọ́n rà á ní 400,000 dọ́là.

Ṣáájú ìyẹn, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Guy Roberts ti kígbe fún gómìnà pé òkúta iwájú orí Bàbá ń yọ̀. Ní 1916, Edward Geddes, ọkùnrin tó mọ iṣẹ́ òkúta, gun orí òkè náà, ó lu ihò sínú àpáta, ó fi irin tí wọ́n ń yí lójú kó lè fa nǹkan méjì mọ́ra so iwájú orí mọ́ òkè. Òtútù ibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ṣe é. Ní 1958, wọ́n tún padà lọ pẹ̀lú 25,000 dọ́là tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí: wọ́n da sìmẹ́ǹtì sójú ibi tó là, wọ́n fi irin kún irin, wọ́n la kòtò kékeré tó máa darí omi òjò gba ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ló kan Niels Nielsen, òṣìṣẹ́ iṣẹ́ ọ̀nà ìpínlẹ̀, tó ń fi okùn so ara rẹ̀ rọ̀ sójú Bàbá lọ́dọọdún, tó ń fọ ibi tó là mọ́, tó ń dí i. Ọmọ rẹ̀ David gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1991. Nígbà tí Niels kú ní 2001, ọmọ rẹ̀ gbé eérú rẹ̀ lọ sójú òsì Bàbá, ó fi í síbẹ̀. Nígbà tí ojú náà wó, ó gbé olùtọ́jú rẹ̀ dání.

Àǹtí ò gbọ́ èyí rí. Ife tíì wọn dúró lọ́wọ́.

"Kí ló wá pa á?" wọ́n bèèrè. "Pẹ̀lú gbogbo irin yẹn?"

Mo ṣàlàyé bó ṣe yé mi. Yìnyín ńlá tó bo ilẹ̀ yìí nígbà láéláé ló fá ẹ̀gbẹ́ òkè náà títí tó fi dúró ṣánṣán. Láti ìgbà tí yìnyín yẹn ti yọ́ ni omi ti ń wọ inú ibi tó là lára àpáta. Lóru, omi á dì. Omi tó bá dì a máa wú, á ti òkúta sẹ́yìn díẹ̀, díẹ̀ tí ojú ò lè rí. Lọ́sàn-án, á yọ́, á jìn sí i. Ìgbà àìmọye lọ́dọọdún. Yàtọ̀ sí èyí, nǹkan kan wà nínú gíránáìtì tí wọ́n ń pè ní feldspar. Bí omi bá ń bá a gbé pẹ́, ó ń rà, ó ń di amọ̀. Òkúta tó le bí irin lójú wa ti ń di ẹrẹ̀ láti inú. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn náà gbà pé àgbọ̀n ló kọ́kọ́ yẹ̀, àwọn pèpéle tó kù sì tẹ̀ lé e. Irin wà lókè, níwájú orí. Ohun tó ń gbé gbogbo ẹrù náà wà nísàlẹ̀.

"Mo rí irú èyí dáadáa lẹ́nu iṣẹ́," Àǹtí wí. "Èèyàn á máa rẹ́rìn-ín síni lórí bẹ́ẹ̀dì." Wọn ò parí ọ̀rọ̀ náà.

A tún sọ nípa àwọn tó fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan mìíràn ṣe ojú náà padà sókè. Gómìnà yan ìgbìmọ̀, wọ́n gbọ́ gbogbo àbá, wọ́n pinnu pé àwọn ò ní tún un ṣe. Inú Àǹtí dùn sí ìyẹn. "Bàbá tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, ta ló máa kí i?" Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, tọkàntọkàn. Ohun tí òtútù àti omi gbẹ́, tí òtútù àti omi sì mú lọ, kò yẹ kí wọ́n fi ayédèrú dípò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ èyí síbí. Oṣù Kẹjọ 2002 ni mo dé Amẹ́ríkà. Ní Oṣù Kẹwàá, Àǹtí gbé mi wá síbí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún gbogbo èèyàn. Òtútù mú mi. Mo gbójú sókè, mo rí i, mo ní "ó dáa," mo sì sá padà sínú ọkọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo sọ fún ara mi pé màá tún wá, pé òkúta ò lọ síbì kankan. Oṣù méje péré ló kù.

Aago mẹ́rin, kùrukùru ò ká. A padà sí Lincoln.

Ọjọ́ Àìkú

Oòrùn là láàárọ̀. Mo kan ilẹ̀kùn yàrá Àǹtí, wọ́n ti wọ bàtà. Aṣọ òkè ni wọ́n wọ̀, búlúù, pẹ̀lú kóòtù òtútù lórí rẹ̀.

Ewé igi ti pọ́n, ti pupa, látìsàlẹ̀ títí dé ibi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kékeré kan wọlé láti ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ sí etí adágún. Àǹtí ò gbójú sókè. Ojú wọn ò kúrò nílẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà, èmi ló wò ó ṣáájú. Gẹ̀gẹ́ òkè nìyẹn, ó lọ tààrà, ó sì já lójijì ní ibì kan, ó mọ́lẹ̀ ju ibi tó kù lọ. Èèyàn tí kò mọ̀ lè kọjá láìkíyè sí i.

Lẹ́bàá omi ni wọ́n ti ṣe ohun ìrántí tí wọ́n ṣí ní Oṣù Kẹfà 2011. Àwọn ọ̀pá irin gíga ni, wọ́n dúró nínàró, wọ́n sì ní gbun-gbùn lára. Tí èèyàn bá wo irin yẹn lásán, kò jọ ohun kankan. Ṣùgbọ́n àmì ẹsẹ̀ wà nílẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú bó ṣe ga tó. Tí ó bá dúró lé àmì tirẹ̀, tó dijú kan, tó wo ẹ̀gbẹ́ irin náà sókè, àwọn gbun-gbùn yẹn á bọ́ sórí ibi tó já ní etí òkè, wọ́n á di iwájú orí, imú, ètè, àgbọ̀n, ní ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

Àǹtí bọ́ sórí àmì kan. Wọ́n dijú òsì, wọ́n gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2002. Wọ́n wò ó títí.

"Mi ò rí i."

Mo ní kí wọ́n fi ojú kejì wò ó. Wọn ò rí i. Mo rí i pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lórí ọ̀pá. "Wọ́n ṣì í ṣe," wọ́n wí, "kò sí níbẹ̀." Mo wo ilẹ̀, mo ka ohun tí wọ́n kọ sára àmì tí wọ́n dúró lé. Gíga tí wọ́n jẹ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni, ìgbà tí wọ́n ń tẹ̀ ba láti wọ ẹnu ọ̀nà ilé ìyá àgbà.

"Àǹtí, ẹ sún sórí èyí."

Wọ́n wo àmì tí mo nawọ́ sí, wọ́n wò mí. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n mú apá mi, wọ́n sún ẹsẹ̀ kan, wọ́n sún ìkejì, wọ́n tún sún sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n dijú kan.

Ọwọ́ wọn dúró. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ wọn, mi ò tètè ṣà á. Àǹtí fi ọwọ́ kan di irin náà mú, wọ́n tẹ orúnkún tó ń dùn wọ́n yẹn díẹ̀, bí ara ṣe gbà wọ́n mọ.

"Bàbá," wọ́n ní, "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Wọ́n wà níbẹ̀ pẹ́. Àwọn èèyàn mìíràn dé, wọ́n dúró lẹ́yìn wa, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí Àǹtí tó kúrò, wọ́n nu ojú, wọ́n gba ọ̀pá wọn lọ́wọ́ mi, wọ́n sì fi í tọ́ka sí àmì ẹsẹ̀ tó ga tó èmi.

"Ó yá, ọkọ mi, bọ́ síbẹ̀. Má kánjú lónìí."